Aṣọ Ọmọdé, Àkísà Àgbà: Ọlájùwọ́n àti O'Neal ní Ọdún 1995

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìgbà tí a bá fẹ́ pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò fi fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìtàn, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tí àwa níhìn-ín ń pè ní baskẹ́ẹ̀tì. Ta ni ó sàn jù: ọ̀dọ́ tí gbogbo ayé ń sọ pé yóò di ẹni ńlá, tàbí àgbà ọ̀jẹ̀ tí ó ti fi ara rẹ̀ hàn láti ọdún pípẹ́? Apá kan ń ka iye àmì tí ọ̀dọ́ ń gbà, apá kejì ń ka iye ife-ẹ̀yẹ tí àgbà ti gbà. Mo fetí sí wọn, mo sì rí i pé ìbéèrè onítàn ni wọ́n ń bi ara wọn. Báwo ni a ṣe lè fi ohun tí ènìyàn lè dà wé ohun tí ènìyàn ti dà?

Mo ṣèlérí fún wọn pé n óò dá wọn lóhùn nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ìdáhùn náà nìyí. Inú ìtàn ọmọ Yorùbá kan ni mo ti mú un, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọdé, tí ó sì ti jẹ́ àgbà, nínú eré kan náà.

Ọmọ Èkó ní ìlú Houston

Èkó ni a ti bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963. Òwò sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe. Kì í ṣe baskẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ gbá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń gbá, níbi tí ó ti ń ṣọ́ ojú ilé, ó sì tún ń gbá hándíbọ́ọ̀lù. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ baskẹ́ẹ̀tì, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí yóò bá pàdé lọ́la ti ń gbá a láti kékeré. Ní ọdún 1980, ó dé Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Guy Lewis, olùkọ́ni ibẹ̀, kò jẹ́ kí ó kópa nínú ìdíje kankan ní ọdún àkọ́kọ́ náà. Ó ní láti kọ́ eré ná.

Nínú eré yìí, ẹni tí ó ga jù lọ nínú ẹgbẹ́ ni ó sábà máa ń dúró lẹ́bàá àwọ̀n. Òun ni wọ́n ń pè ní pivot ní èdè Faransé. N óò máa pè é ní òpó àárín, nítorí pé bí òpó ṣe ń gbé ilé dúró ni ó ṣe ń gbé ẹgbẹ́ dúró. Ní ìlú Houston nígbà náà, òpó àárín kan wà tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: Moses Malone, tí ó ti gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní NBA ní ọdún 1979, tí yóò sì tún gbà á ní 1982 àti 1983. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìdíje bá parí, Malone a máa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní gbọ̀ngàn ìlú kan tí a ń pè ní Fonde. Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó náà ti pàdé rẹ̀. Malone kò fi ọwọ́ rọ̀ mú un rárá. Ó ń tì í, ó ń fi èjìká gbún un, ó ń já bọ́ọ̀lù gbà lórí rẹ̀, títí ọmọ náà fi kọ́ bí a ṣe ń dúró.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kò ní kí ìjákulẹ̀ má wáyé. Ní ọdún 1983, Houston dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì. North Carolina State fi àmì méjì péré borí wọn, 54 sí 52, ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Ọlájùwọ́n ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbé ife lọ sílé. Ní 1984, ó tún dé àṣekágbá, Georgetown pẹ̀lú Patrick Ewing, òpó àárín tiwọn, sì tún borí. Lọ́dún yẹn kan náà, Houston Rockets yàn án ṣáájú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ NBA. Ipò kẹta ni Michael Jordan wà. Ní 1986, ó gbé Rockets dé àṣekágbá NBA. Boston Celtics na wọ́n ní ìgbà mẹ́rin sí méjì.

Àwọn àkísà náà nìyẹn: 1983, 1984, 1986. Ọdún mẹ́jọ ni ó tún fi dúró kí ó tó gba ife. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, ní 1994, Ewing tí ó borí rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn gan-an ni ó borí, ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́ta. Ní sáà kan ṣoṣo yẹn, ó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ, ti ẹni tó dáàbò bo àwọ̀n jù lọ, àti ti ẹni tó tayọ jù lọ ní àṣekágbá. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní sáà kan.

Ọ̀dọ́ tí ó ní aṣọ

Shaquille O'Neal ni a bí ní Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1972. Ó ga ní mítà 2,16, ara rẹ̀ sì ki bí ògiri. Ní 1992, Orlando Magic yàn án ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, agbára ọwọ́ rẹ̀ wó pátákó àwọ̀n lulẹ̀, òun náà ni wọ́n sì yàn ní ọ̀dọ́ tó dára jù lọ. Nígbà tí ó fi máa di sáà 1994 sí 1995, kò sí ẹni tí ó ń gba àmì tó o ní gbogbo NBA: 29,3 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Magic borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 57, wọ́n sì lé ẹgbẹ́ Jordan kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé àṣekágbá.

Rockets borí nínú 47 péré lọ́dún náà, ipò kẹfà ni wọ́n sì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Kò tíì sí ẹgbẹ́ tí ó ti ipò tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba ife rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú Clyde Drexler wọlé láàárín sáà, ẹni tí òun àti Ọlájùwọ́n jọ sunkún ní yunifásítì ní 1983. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ O'Neal, wọ́n pàdé David Robinson ti San Antonio, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ. Ọlájùwọ́n gba àmì 35,3 ní ìpíndọ́gba lójú rẹ̀, Rockets sì kọjá.

Ìgbà mẹ́rin tí wọ́n pàdé

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1995, ní ìlú Orlando, Magic kọ́kọ́ fi àmì 20 ṣáájú. Rockets ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí Magic ṣì fi mẹ́ta ṣáájú, Nick Anderson ti Orlando ní ìjù ọ̀fẹ́ mẹ́rin tẹ̀léra wọn. Ó pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kenny Smith jù ú láti òkèèrè, wọ́n di ọgbọọgba. Nínú àfikún àkókò, Ọlájùwọ́n fi ìka ti bọ́ọ̀lù kan tó ta padà wọlé nígbà tí àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: 120 sí 118. Láti ọjọ́ yẹn, Magic kò gbérí mọ́. Rockets borí ní ìgbà mẹ́rin sí òdo.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka àwọn òǹkà. O'Neal gba àmì 28,0 ní ìpíndọ́gba, Ọlájùwọ́n 32,8. Nínú bọ́ọ̀lù tó ta padà, ọ̀dọ́ gba 12,5, àgbà gba 11,5. Nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fún ẹlòmíràn jù wọlé, ọ̀dọ́ ní 6,3, àgbà ní 5,5. Nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tí ọ̀dọ́ jù, bí ọgọ́ta ló wọlé. Ti àgbà kò pé àádọ́ta. Ẹni tí ó bá ka èyí tí kò sì mọ bí ó ṣe parí lè rò pé Orlando ló borí. Aṣọ ọmọdé pé. Ẹ wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: 31 sí 26, 34 sí 33, 31 sí 28, 35 sí 25. Kò sí ọjọ́ kan tí àgbà kò gba àmì ju ọ̀dọ́ lọ.

Báwo ni ó ṣe ṣe é? Kò bá òkè jà. Ó ń fa O'Neal jáde kúrò lẹ́bàá àwọ̀n, lọ síbi tí ìwúwo kò ti wúlò. Yóò ṣe bí ẹni ń lọ sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò tún ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú, nígbà tí ọ̀dọ́ bá sì ti fò sókè ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú. Ẹsẹ̀ yẹn, láti Èkó ni ó ti gbé e wá: ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ayò àti ti hándíbọ́ọ̀lù. Ohun tí a rò pé ó fi í sẹ́yìn, pé ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ni ó di ohun ìjà rẹ̀.

Àkísà ti jẹ́ aṣọ rí

Bí a bá dúró síbí, àwọn àgbà yóò pàtẹ́wọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò sì fajú ro. Ṣùgbọ́n onítàn kì í dúró síbi tí ó bá wù ú. Ní 1995, ọmọ ọdún 32 ni Ọlájùwọ́n, ọmọ ọdún 23 ni O'Neal. Ọmọ ọdún mélòó wá ni Ọlájùwọ́n nígbà tí Boston na án ní 1986? Ọmọ ọdún 23 ni. Àwọn méjèèjì dé àṣekágbá ní ọjọ́ orí kan náà, àwọn méjèèjì sì fìdí rẹmi níbẹ̀. A ti ń fi igi tó ti so wé igi tó ń tanná, a sì ń bínú pé òdòdó kò dùn ún jẹ. Bí a bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òtítọ́, èwe ọ̀dọ́ ni kí a fi wé èwe àgbà.

Àbọ̀ ìtàn náà sì wà níwájú. Ní 1996, àwọn méjèèjì jọ gba wúrà fún Amẹ́ríkà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta, nítorí pé Ọlájùwọ́n ti di ọmọ ìlú náà ní 1993. Ní 1999, O'Neal, tí ó ti lọ sí Los Angeles Lakers, tún pàdé Rockets. Ọlájùwọ́n ti di ọmọ ọdún 36, eegun rẹ̀ kò yí bí ti àtijọ́ mọ́. Lakers borí ní ìgbà mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ọdún 2000, 2001 àti 2002, O'Neal gba ife léraléra, wọ́n sì yàn án ní ẹni tó tayọ jù lọ ní gbogbo àṣekágbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1995, ẹni tó sọ pé ọ̀dọ́ náà ti ju àgbà lọ ṣìnà. Ẹni tó sọ pé ariwo lásán ni ọ̀dọ́ náà ṣìnà pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ni ó sàn jù, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ní ọdún wo? Òǹkà tí kò ní ọjọ́ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tíì di ẹ̀rí. Ẹ má sì ṣe tijú àkísà yín. Aṣọ tí a wọ̀ ṣiṣẹ́ títí ó fi gbó ni ó ń di àkísà. Èyí tí a kó pamọ́ sínú àpótí kò lè dà á.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa, òwe yín kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí gbọ̀ngàn Fonde. Malone kò sọ fún ọmọ Èkó yẹn pé kò tíì ní àkísà, kí ó lọ jókòó. Ó bọ́ sójú pápá pẹ̀lú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbó.