Èédú Tó Ń Wọ Ọkọ̀ Òkun: Ta Ló Ń Rà Á, Igbó Ta Ló Ń Tán?

Ìtàn èédú la mú wá lónìí. Kì í ṣe èyí tí oníbọ̀ọ̀lì àdúgbò yín ń fẹ́ lábẹ̀bẹ̀ o, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń rà wọlé láti òkèèrè ni. Ẹ jẹ́ ká fi agbègbè mẹ́ta wé ara wọn: Japan, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, àti Yúróòpù. Ẹ ó rí i pé òfin ẹni tó ń rajà máa ń ní ọwọ́ nínú igbó tí wọn yóò gé.

Ká bẹ̀rẹ̀ ní Japan. Wọ́n ní èédú tiwọn tó lókìkí, binchotan, tí wọ́n ń fi igi líle ṣe ní Wakayama. Kì í yára jó tán, èéfín rẹ̀ kò pọ̀, òun ni àwọn ilé oúnjẹ fẹ́ràn láti fi yan ẹran adìyẹ. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, wọ́n sì ń ra púpọ̀ láti Ṣáínà. Ní 2004, Ṣáínà fòfin de títa èédú igi sílẹ̀ òkèèrè, kí igbó rẹ̀ má bàa tán. Ǹjẹ́ àwọn ará Japan wá ṣíwọ́ jíjẹ adìyẹ yíyan? Rárá o. Àwọn oníṣòwò yíjú sí Indonesia, Malaysia àti Laos. Àwọn àgbà ní bí iná bá jóni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ṣáínà gbọn tirẹ̀, iná sì ta sí ibòmíràn.

Ti àwọn Lárúbáwá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń lo èédú fún ẹran sísun, ṣíṣà àti tùràrí, ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ wọn. Somalia kò jìnnà sí wọn, ìjọba ibẹ̀ sì dojú dé ní 1991. Àwọn agbésùnmọ̀mí Al-Shabaab wá ń gba owó orí lórí èédú tó ń gba èbúté Kismayo jáde. Ní oṣù kejì ọdún 2012, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe òfin 2036: kò sí orílẹ̀-èdè tó gbọ́dọ̀ ra èédú Somalia mọ́. Ẹ kíyè sí i, òfin yìí mú ẹni tó ń rà pẹ̀lú. Síbẹ̀, ní 2018, àwọn olùwádìí àjọ náà ròyìn pé wọ́n ń kó èédú yìí lọ sí Iran, wọ́n á pààrọ̀ àpò rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sára àpò pé ọjà Iran ni, kó tó dé Dubai.

Yúróòpù ńkọ́? Ìgbà ooru ni wọ́n ń sun ẹran níta. Lára ibi tí èédú wọn ti ń wá ni Ukraine, Paraguay, àti Nàìjíríà tiwa yìí. Láti 2013, òfin wọn ní kí ẹni tó bá kó pákó wọlé rí i dájú pé wọn kò gé igi rẹ̀ lọ́nà àìtọ́. Wọn kò fi èédú sínú òfin náà! Igi kan náà, bó bá jẹ́ pákó, wọ́n á bi í ní ìwé. Bó bá ti di èédú, ó kọjá. Òfin tuntun ti 2023 ti ká èédú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Òkè-Ògùn àti Kwara gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ebè tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò, tọ́ọ̀nù èédú kan lè gba tọ́ọ̀nù igi márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi àyìn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà, iná ọjọ́ díẹ̀ ti parí rẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló fà á o: gáàsì wọ́n, àwa náà ń ra èédú. Ẹni tó ń gé igi náà sì ní ọmọ tí yóò jẹun.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba kan ti fòfin de èédú, ẹ béèrè nǹkan méjì: ṣé òfin náà mú ẹni tó ń rà? Kí ni ẹni tó ń gé igi yóò máa jẹ? Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.