Ìrù màlúù, etí ehoro àti ìwòsàn fún ẹ̀yìn dídùn

Kò sí alábàárù ní ọjà Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta, tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ẹ̀yìn dídùn fún. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì ni ohun kan wà bíi tìmùtìmù. Àárín rẹ̀ rọ̀, ó kún fún omi. Ohun tó yí i ká sì yi. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni omi náà ń gbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń ya. Nígbà mìíràn, ti àárín á yọ síta, á tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀, ìrora á sì gba ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

A kò lè máa la ẹ̀yìn ènìyàn alààyè wò nítorí ìwádìí. Ìdí nìyí tí ẹranko fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Irú ìrù màlúù tí àwọn alápatà ń gé ní odò ẹran Láfẹ́nwá wúlò púpọ̀, nítorí tìmùtìmù inú rẹ̀ tóbi, ó sì jọ ti ọ̀dọ́ ènìyàn. Ní Yúróòpù, àwọn onímọ̀ ń gba ìrù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alápatà, wọn a yọ tìmùtìmù náà, wọn a sì máa gbé ẹrù lé e lórí ní yàrá ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹran ọbẹ̀ kúkú ni màlúù náà tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrù tí wọ́n ti gé kò lè sọ ohun tí oògùn yóò ṣe fún odindi ara. Ehoro ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìyẹn. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n máa ń mú ẹran tó yi rọ̀. Ní 1956, Lewis Thomas, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, fi èròjà inú oje ìbẹ́pẹ gún ehoro ní abẹ́rẹ́. Etí tó máa ń nà ró ṣánṣán bá rọ wálẹ̀, kó tó tún nà ró lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Dókítà egungun kan, Lyman Smith, rò ó pé irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè yọ́ tìmùtìmù tó yọ síta. Ó dán òmíràn láti inú oje kan náà wò lára ehoro, ó sì lò ó fún ènìyàn ní 1963. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1982. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ara àwọn kan kọ̀ ọ́ débi ikú, ẹsẹ̀ àwọn mìíràn sì rọ. Ní nǹkan bí 2003 ni wọ́n dẹ́kun títà á níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì kan tún wà tó ń tọ́jú tìmùtìmù. Lára ènìyàn, láti èwe ló ti ń pòórá. Lára ehoro àti èkúté, ó máa ń pẹ́. Oògùn tí wọ́n ní ó wo ehoro sàn lè má ṣe ju pé ehoro tún ara rẹ̀ ṣe. Ewúrẹ́ àti àgùntàn sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí wọ́n ń pè ní dachshund ló sì yẹ fún àfiyèsí jù, nítorí àìsàn náà ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a sí i lára. Hans-Jörgen Hansen ti kọ nípa èyí ní Sweden ní 1952. Kìkì pé ajá kò lè júwe ìrora. Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ní 2018, Japan fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ mìíràn, condoliase, tí kì í fọ́ ẹran ara bíi ti ìbẹ́pẹ. Èyí tó yọ síta ló wà fún. Kì í sọ èyí tó ti gbẹ di tuntun. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi lọ̀ yín, ẹ bi í léèrè ẹranko tí wọ́n fi dán an wò, àti iye ènìyàn tó ti gbà á lẹ́yìn náà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, tàbí tí kò lè kápá ìtọ̀ mọ́, kó má dúró béèrè ohunkóhun. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.