Ilẹ̀kùn tí a ṣí fún òfin: ta ni ń ṣọ́ ọ?

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2005, ẹ̀rọ kan tó ń darí ìpè ní ilé iṣẹ́ Vodafone ti orílẹ̀-èdè Gíríìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì hàn pé àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà jọ ohun kékeré. Vodafone ké sí Ericsson, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Sweden tó ṣe ẹ̀rọ náà, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹta, wọ́n ti bá sọ́fítíwíà àjèjì kan tó lúgọ sínú ẹ̀rọ náà láti oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ìgbà tí ìlú Athens ń gbàlejò ìdíje Òlíńpíìkì. Ó ń ṣe ẹ̀dà ìpè àwọn ènìyàn tó lé ní 100. Kostas Karamanlis, olórí ìjọba ilẹ̀ náà, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mínísítà àti olórí ìlú Athens. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ wọn ń lọ sórí fóònù mẹ́rìnlá tó wà lọ́wọ́ àwọn amí.

Ọ̀nà tí àwọn amí náà gbà ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí ìtàn rántí jù. Àwọn kọ́ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé. Wọ́n bá a níbẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, Ààrẹ Bill Clinton ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin CALEA, tó pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa lo ẹ̀rọ tí àwọn agbófinró lè tipasẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ìpè afurasí, bí ilé ẹjọ́ bá ti fún wọn láṣẹ. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà béèrè irú rẹ̀, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ agbára yìí mọ́ ọjà wọn. Ní Vodafone ti Gíríìsì, sọ́fítíwíà tuntun tí wọ́n fi sórí ẹ̀rọ ní ọdún 2003 ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì ra apá kejì rẹ̀, èyí tí ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó pàṣẹ ìgbọ́rọ̀ àti fóònù tí wọ́n ń gbọ́. Ilẹ̀kùn wà, kò sí ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Bí Vodafone ṣe tètè yọ sọ́fítíwíà náà kúrò, àwọn amí fura, wọ́n sì pa fóònù wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2005, wọ́n bá òkú Costas Tsalikidis, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ náà, nínú ilé rẹ̀. Àwọn ará ìlú kò gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà títí di oṣù Kejì ọdún 2006. Ní ìparí ọdún yẹn, àjọ tó ń dáàbò bo àṣírí ìbánisọ̀rọ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 76 yúrò lé Vodafone. Àṣìṣe àwọn amí fúnra wọn ló tú wọn fó. Kò sí olùṣọ́ kankan tó rí wọn.

Ní àkókò kan náà, ìpè ti ń kúrò lórí wáyà àtijọ́ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà SIP jáde, wọ́n sì tún un kọ ní ọdún 2002. SIP ni èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń ṣètò ìpè: ta ni ń pe ta, láti ibo, nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀, nígbà wo ló parí. Ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ní ọdún 2005, àjọ FCC ti Amẹ́ríkà na òfin CALEA dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tí ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn so mọ́ fóònù àtijọ́, ó sì fún wọn di ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 láti múra sílẹ̀.

Kí olófòófó má baà ka iṣẹ́ SIP lójú ọ̀nà, àwọn onímọ̀ a máa sọ ọ́ di àdììtú. Àmọ́ ẹ̀rọ kan wà ní ẹnubodè ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní session border controller. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àdììtú náà, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì tún ń dì í kí ó tó máa lọ, bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń tú ẹrù ní bodè. Nítorí náà, ẹlẹ́rọ tó ń wá ìdí tí ìpè kò fi wọlé, ẹni tó ń tọpa àwọn oníjìbìtì, àti agbófinró tó gba àṣẹ ilé ẹjọ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé ojú wọn sí. Àìní wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀dà ohun tí a tú ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ̀dà náà bá rìn ní ìhòòhò lọ síbẹ̀, asán ni gbogbo ìdìpọ̀ ìṣáájú. Olè kò tilẹ̀ nílò láti gbọ́ ohùn: olóṣèlú tó pe agbẹjọ́rò nígbà mẹ́ta lóru, tó sì pe akọ̀ròyìn ní ìdájí, ti sọ púpọ̀ tán.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, FBI àti àjọ CISA kéde pé àwọn tó so mọ́ ìjọba Ṣáínà ti wọ inú ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n jí àkọsílẹ̀ ìpè, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà ìsọfúnni tó jẹ mọ́ ohun tí àwọn agbófinró ń béèrè pẹ̀lú àṣẹ ilé ẹjọ́. Ṣáínà sẹ́. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn CALEA, orílẹ̀-èdè tó ṣe òfin náà rí i pé àlejò àìpè lè gba ẹnu ọ̀nà òfin wọlé.

Nàìjíríà náà ní ìlànà tirẹ̀ láti ọdún 2019, èyí tí àjọ NCC ṣe lórí gbígbọ́ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́nà òfin. Nítorí náà ìbéèrè tí Athens fi sílẹ̀ kàn wá. Níbi tí a bá ti ń tú àdììtú, ǹjẹ́ ẹ̀dà tó jáde níbẹ̀ tún wà nínú ìdìpọ̀? Ǹjẹ́ orúkọ ẹni tó wò ó wà lákọsílẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò ti lè pa á rẹ́? Ǹjẹ́ ẹlòmíràn ń ka àkọsílẹ̀ náà? Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè dáhùn kò mọ ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀.