Ohun Tí Ẹnu Pè àti Ohun Tí Ọwọ́ Kọ: Ìtàn Òǹkà Ọmọdé

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni ọmọdé ti ń ka nǹkan. Nídìí ayò, ó ń ka ọmọ mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò jẹ́ méjìlá, ọmọ ayò jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ó sì ń wo àgbà bí wọ́n ti ń ka owó ẹyọ. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1887: a ó da owó sílẹ̀, a ó máa ṣà á ní márùn-ún márùn-ún; márùn-ún lọ́nà ogún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì kàn ni a ń fún ní orúkọ.

Nígbà tí ilé-ìwé dé, nọ́ńbà tí a ń kọ sára pátákó ń tẹ̀ lé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n òǹkà ẹnu wa ń tẹ̀ lé ogún. Láti 11 dé 14, a ń fi kún mẹ́wàá. Láti 15 dé 19, a ń yọ kúrò lára ogún. Ẹ wo 16. Mẹ́rìndínlógún ni ẹnu pè é. 1 àti 6 ni ọwọ́ kọ. Ẹ tún wo 45: márùn-ún dín ní àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá dín ní ọgọ́ta. Níbo ni 4 wà nínú gbogbo èyí? Ọmọ tí ó kọsẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe olódo. Ọ̀nà méjì ni a ní kí ó tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, a ti torí èyí na ọ̀pọ̀ ọmọ ní pàṣán.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà, yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Èdè wa kọ́ ni ìdènà.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe? Kí ọmọ to òkúta mẹ́wàá sí apá kan, mẹ́fà sí apá kejì: ibẹ̀ ni 1 àti 6 ti wá. Kí ó tún to ogún, kí ó mú mẹ́rin kúrò: ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Kí ó rí i pé iye kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún un ní ṣọ́ọ̀kì.