Samuel Fuller: Láti Ìwé Ìtàn Olówó Pọ́ọ́kú dé Sinimá

Ìlú Worcester, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Samuel Fuller sí ní ọdún 1912. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 20 tí ó ti ń kọ ìròyìn ìwà ọ̀daràn ní New York. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ni ó fi kọ ìwé ìtàn olówó pọ́ọ́kú, kí ó tó máa kọ ìtàn fún àwọn onísinimá Hollywood. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó jagun ní Áfíríkà àti Yúróòpù.

Ní ọdún 1949 ni sinimá àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ darí jáde. The Steel Helmet, tí ó jáde ní 1951, dá lórí ogun Kòríà. Owó tí a ná sí i kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ó sọ ohun tí ọ̀pọ̀ sinimá olówó ńlá kò jẹ́ mẹ́nu kàn. Ọ̀tá kan tí a mú ní ìgbèkùn bi ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú léèrè ìdí tí ó fi ń jà fún orílẹ̀-èdè tí ó ní ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni kí ó máa jókòó sí. Ọdún 4 lẹ́yìn náà, ní 1955, ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Montgomery kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, kí a má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo òǹkọ̀wé olówó pọ́ọ́kú. Fuller ti rí ìwà ọ̀daràn, ó ti rí ogun. Kò bẹ̀rù láti bi ìlú rẹ̀ léèrè. Ojú tí ó ti rí òkun, kò ní í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù.