Áfíríkà àti Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé

Ìgbìmọ̀ Ààbò ló ń pinnu bóyá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yóò rán ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ lọ síbi tí ogun ti ń jà. Orílẹ̀-èdè 15 ló wà níbẹ̀. Márùn-ún, ìyẹn Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í kúrò lórí àga, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì lè wọ́gi lé ohun tí gbogbo àwọn yòókù fọwọ́ sí. Mẹ́wàá tó kù ń lo ọdún méjì-méjì. Mẹ́ta nínú wọn ni ti Áfíríkà.

Nígbà tí wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1945, Íjíbítì, Ethiopia, Làìbéríà àti South Africa nìkan ló bá wọn jókòó láti Áfíríkà. Lónìí, 54 ni wọ́n nínú 193. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì fi kún àga ìgbìmọ̀ náà, láti 11 sí 15, ní 1965. Kò sí àga ayérayé kankan nínú àfikún ọ̀hún.

Àwọn kan gbà pé bí adúláwọ̀ bá ṣáà ti wà níbẹ̀, ó tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo 1994. Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀. Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, ni aṣojú rẹ̀. Rwanda náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba rẹ̀ ló ń ṣe agbátẹrù ìpakúpa àwọn Tutsi! Gambari ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ọmọ ogun kún èyí tó wà ní Kigali, olú ìlú Rwanda. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ìgbìmọ̀ dín wọn kù sí 270. Gbogbo orílẹ̀-èdè inú ìgbìmọ̀ ló dìbò fún un, Nàìjíríà pẹ̀lú. Nǹkan bí 800,000 ènìyàn ló kú.

Ní 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fẹnu kò ní Ezulwini, ní Swaziland ìgbà náà: àga ayérayé méjì pẹ̀lú agbára láti wọ́gi lé ìpinnu, àti onígbà díẹ̀ márùn-ún. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Amẹ́ríkà fara mọ́ àga méjì náà, ṣùgbọ́n láìsí agbára ọ̀hún. Lójú tèmi, ìyẹn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ipò Gambari.

Àtúnṣe sí ìwé òfin àjọ náà gba ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo orílẹ̀-èdè, kí àwọn márùn-ún náà sì fọwọ́ sí i. Áfíríkà fúnra rẹ̀ kò sì tíì sọ ẹni tí yóò jókòó: Nàìjíríà, Íjíbítì àti South Africa ló ń du àga méjì.