Àkúnwọ́sílẹ̀ Omi Nínú Ìtàn Àpótí Ẹja
Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹja nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1853, ìṣòro ńlá ni bí omi inú àpótí gíláàsì kò ṣe ní máa bàjẹ́. Ní ilé ẹja Crystal Palace, tí wọ́n ṣí ní 1871, William Alford Lloyd wá ojútùú sí ìṣòro yìí: ó kọ́ ìkùdu sábẹ́ àwọn àpótí, èyíinì ni ibi ìpamọ́ omi òkun tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì gba omi ju gbogbo àpótí lọ. Pọ́ǹpù ń fa omi gòkè, àkúnwọ́sílẹ̀ sì ń ṣàn padà sísàlẹ̀. Ìlànà yìí ni àwọn tó ń sin ẹja nílé ń tẹ̀lé nígbà tí wọ́n bá lu ihò sí ìtòsí ẹnu àpótí àlòkù, kí páìpù lè gbé àkúnwọ́sílẹ̀ lọ sínú àpótí ìsàlẹ̀, níbi tí asẹ́ wà.